TA NI ONÍDÙÚRÓ FÚN ÌRÒYÌN YÌÍ?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Láyé ìsinsìnyí, orí fóònù ni ọjà èké ti ń yá jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀la ni a ń san owó rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tó lè yá owó láìní onídùúró. Bí ó ti wù kí ènìyàn lẹ́nu tó, a ó bi í pé: ta ni yóò dúró fún ọ? Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé fún un mọ̀ pé bí onígbèsè bá sá lọ, ọrùn òun ni gbèsè náà yóò wọ̀. Ẹ wá wò ó o: ọmọ ẹgbẹ́ tó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dúró fún owó ẹlòmíràn, òun kan náà ni yóò fi ìròyìn tí kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ó tó jẹun àárọ̀ tán. Èrò tèmi ni pé ẹni tó fi ìròyìn ránṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Òun ni onídùúró rẹ̀. “Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́” kì í ṣe àwíjàre.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni aláìsàn kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, kí àrùn náà má baà mú un. Ìyá ń jí ọmọ lóru, ọmọ ń pe ìyá. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù yẹn, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola fúnra rẹ̀, ènìyàn 8 ló pa nínú 20 tó mú ní ilẹ̀ wa. Ẹ fi 2 wé 8, kí ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè ṣe.

Bí èké ṣe ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń ba ìlú jẹ́. Ní 2017, olóògbé Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ju oṣù mẹ́ta lọ ní London fún ìtọ́jú, ìjọba kò sì sọ àìsàn tó ń ṣe é fún aráàlú. Inú òkùnkùn yẹn ni irọ́ gbà wọlé: wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ní ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di oṣù Kejìlá 2018 kí Ààrẹ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ní Poland pé òun náà ni, kò sí àrọ́pò. Ẹni tó bá gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́, kí ni yóò tún wá dé ibùdó ìdìbò? Ẹni tó sì ní ẹjọ́ gidi láti bá ìjọba rò, ariwo Jubril ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú ti gbogbo rẹ̀ pa. Wọ́n ti dán an wò. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa. Àwọn oníṣòwò tó ń rí oníbàárà níbẹ̀ ló jìyà rẹ̀. Facebook àti WhatsApp wà ní ṣíṣí, èké sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì náà kò bófin mu. Ẹni tó bá ti ọjà pa nítorí ayédèrú owó, ebi ni yóò pa olóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa gan-an. Bí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ lálẹ́ òní pé akápò ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ, tí gbogbo wa sì tò sẹ́nu ọ̀nà lọ́la láti gba owó wa, owó kò ní kárí, bí akápò kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ọwọ́ àwọn tó yá a ló wà: ó ti di àpò ìrẹsì, ó ti di ìdì aṣọ, ó ti di owó iléèwé ọmọ. Irọ́ yóò wá jọ òótọ́, ẹgbẹ́ yóò sì tú. Bákan náà, nínú ìpàdé ọdọọdún wa, ẹnì kan, ìbò kan ni, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó fi irọ́ darí ìbò rẹ ti jí i gbé.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí á bèèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ibi tó ti sọ ọ́. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ inú WhatsApp, ó ti gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá. Ẹ má ṣe kánjú. Àwọn àjọ bíi Dubawa àti Africa Check ń yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò. Èkejì, kí á fẹnu kò pé ẹni tó bá gbé ìròyìn sínú WhatsApp ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti rí i. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta, èyí kan àwa ìgbìmọ̀: kí á máa ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, láìyẹ̀. Níbi tí olóyè bá ti fi ìwé pamọ́, àhesọ ni yóò kà á fún aráàlú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Kí ọwọ́ yín tó tẹ fóònù, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé mo lè dúró fún ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń dúró fún owó? Bí ẹ kò bá lè dúró fún un, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín.