Fọ́ọ̀mù Tí Kò Mọ Ìwọ̀n Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ó tó gẹ́ẹ́! Lọ́dọọdún ni iṣẹ́ àṣekágbá ń jáde: ètò ìṣirò ọjà fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú, ètò àkọsílẹ̀ fún ilé oògùn ní Pánṣẹ́kẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà 1920 × 1080 ẹni tó ṣe é, fọ́ọ̀mù Access náà dùn ún wò. Ẹ gbé e dé orí láptọ́ọ̀pù 1366 × 768 ìyá aládìrẹ, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní kí màmá lọ ra kọ̀ǹpútà tójú rẹ̀ tóbi. Ṣé ẹ gbọ́? Télọ̀ wo ló ń rán aṣọ tán tó ń ní kí oníbàárà fọn kó lè wọ̀ ọ́?

Láti Access 2007 ni Anchoring ti wà! Ẹ kọ́kọ́ to fọ́ọ̀mù fún ojú tó kéré jù. Ẹ wá so àpótí mọ́ ọ̀tún àti òsì. Bí fèrèsé bá fẹ̀, òun náà á fẹ̀. Bọ́tìnnì, ẹ so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni pé lẹ́tà kì í tóbi sí i. Ìyẹn ló ń fẹ́ kóòdù nínú On Resize. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa fi ṣírò o, kì í ṣe ìwọ̀n tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa kò pọ̀: kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì, kí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù kékeré kan níwájú gbogbo wa.