Òórùn Izal Kọ́ Ni Ìmọ́tótó

Bí a bá wọ ICU, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tí a rí i pé ilẹ̀ ń dán, tí òórùn Izal, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀, gba gbogbo yàrá, ọkàn wa a balẹ̀ pé kòkòrò àrùn ò lè ráyè níbẹ̀. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń pààyàn.

Ta ní ń fọwọ́ kan ilẹ̀? Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ń dì mú. Bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ni nọ́ọ̀sì ń tẹ̀, kó tó fi ọwọ́ kan náà tún rọ́bà ìtọ̀ aláìsàn mìíràn ṣe. Ẹni tí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ wà níṣan rẹ̀, kí ló kù tó máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ ohun tí ọwọ́ yẹn gbé wá?

Wọ́n tún máa ń sọ pé ibi tó bá ti gbẹ, kòkòrò ibẹ̀ ti kú. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì ṣa àbájáde ìwádìí púpọ̀ jọ, wọ́n rí i pé kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Acinetobacter lè wà láàyè lórí ohun gbígbẹ fún oṣù 5, Staphylococcus aureus fún oṣù 7, Klebsiella fún ohun tó ju oṣù 30 lọ. Aláìsàn tó gbé e wá ti lè padà sílé tipẹ́, kí kòkòrò rẹ̀ ṣì máa dúró de ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá sì ní òṣì ilẹ̀ wa ló fà á, kó gbọ́ ti Bethesda ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ilé ìwòsàn ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ gba aláìsàn kan láti New York, tó ní Klebsiella tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn. Wọ́n yà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, èèyàn 18 ló kàn, 11 nínú wọn kú, àwọn dókítà sì gbà pé kòkòrò yìí gan-an ló pa 6. Wọ́n bá a nínú ihò síǹkì, wọ́n tún bá a lára ẹ̀rọ tí ń báni mí, ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọ̀.

Oògùn apakòkòrò kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdọ̀tí. Ọṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, oògùn náà gbọ́dọ̀ wà ní tútù níbi tí a fi sí, títí ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò yóò fi pé. Ẹni tí wọ́n fún ní àkísà kan fún bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, tí wọ́n ń lé e kó yára, ń pín kòkòrò kiri ni, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìnu tirẹ̀. Ẹ fún àwọn tó ń fọ yàrá láyè, ẹ kọ́ wọn níṣẹ́, kí ẹ sì san owó gidi fún wọn. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ má béèrè Izal mọ́. Ẹ béèrè pé: ta ló nu irin bẹ́ẹ̀dì yìí lónìí, kí ló sì fi nù ún?