A.A. kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o!

Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Lang rí ìwé àwòrán búlúù kan ní 1889, lẹ́tà méjì péré ló bá níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣe é wà: A.A. Ó ronú títí, ló bá ní ó ní láti jẹ́ pé "Anonymous Amateur" ni wọ́n gé kúrú, ìyẹn ọ̀gbẹ̀rì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀. Àṣé Anna Atkins ni! Obìnrin náà sì ti kú láti 1871, kò sí láyé mọ́ tó máa fi jẹ́jọ́ ara rẹ̀.

Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní 1799. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀, John George Children, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló tọ́ ọ dàgbà. Anna mọ àwòrán yà dójú àmì. Àwòrán ìkarahun tó yà sínú ìwé kan tí bàbá rẹ̀ túmọ̀ ní 1823 lé ní 200. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ewéko inú òkun, ọwọ́ ò ká a mọ́. Òmíràn tín-ín-rín bí irun orí, ta ló fẹ́ fọwọ́ ya ìyẹn?

Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, John Herschel, ló yọ ọ́. Òun ló ṣàwárí sáyánótáìpù ní 1842. Nígbà tó máa fi di October 1843, Anna ti gbé apá àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ jáde, kò sì parí rẹ̀ títí di 1853. Fox Talbot ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ 1844 ni ìwé tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde!

Kẹ́míkà méjì tí irin wà nínú wọn ni wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n ń fi kun bébà níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀. Tó bá gbẹ, wọ́n á gbé ewé lé e, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó di inú oòrùn. Tí wọ́n bá fomi fọ̀ ọ́ tán, ibi tí oòrùn dé á di búlúù, ibi tí ewé bò á funfun.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti dùn ni pé àwọn ayàwòrán òde òní ti gbé búrọ́ọ̀ṣì tí Anna gbé jù sílẹ̀ padà wá. Bébà wọ́tà kọ́lọ̀ ni wọ́n ń lò, torí ó nípọn, omi kì í tètè ya á. Àwòrán búlúù náà gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú kí wọ́n tó fi wọ́tà kọ́lọ̀ kàn án. Ọ̀dà yìí kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà ilé, àfi bíi gíláàsì aláwọ̀. Ẹni tó bá fi yẹ́lò sórí búlúù, àwọ̀ ewé ló máa rí; pupa á fẹ́ di elésè àlùkò. Ibi funfun nìkan ni àwọ̀ ti ń jáde bó ṣe jẹ́. Ẹni tí ò bá mọ̀yẹn, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lè bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan.

Sódà ìfọṣọ àti kán-ún ni ọ̀tá búlúù náà, wọ́n ń ṣí i dànù ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sódà ṣí i díẹ̀, wọ́n á wá rì í sínú omi tíì, á di búráùn.

Kò sì yẹ kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń pa á. Búlúù tó bá ṣá níbẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò tí wọ́n bá gbé e sínú òkùnkùn fúngbà díẹ̀. Wọ́tà kọ́lọ̀ tó bá ṣá lórí rẹ̀ ní tiẹ̀, ó ti ṣá nìyẹn.