Ẹ Yan Ibi Tí Ẹ Ó Gbìn Ín Sí Kí Ẹ Tó Rà Á
Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ń gbé ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù kì í ti í sábà le jù, Daphne odora ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Ṣáínà ni igi kékeré yìí ti ṣẹ̀ wá. Kì í wọ́wé, kì í sì í sábà ga ju mítà 1.5 lọ. Nígbà òtútù, tí ọgbà bá dá páropáro, ìgbà náà gan-an ni òdòdó rẹ̀ máa ń ta sánsán.

Àmọ́ kì í fẹ́ kí a hú òun lọ gbìn síbòmíràn. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ wá ibi tí oòrùn àti ibòji ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn, tí ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n tí omi kì í dárogún sí.

Bí òórùn rẹ̀ ti dùn tó, májèlé ni fún ènìyàn àti ajá. Oje rẹ̀ sì lè mú kí awọ ara máa yún ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀. Bí ọmọ tí ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu bá wà nínú ilé, èrò tèmi ni pé kí ẹ gbin rosemary síbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa: òun náà kì í wọ́wé, ewé rẹ̀ ń ta sánsán, ó sì ṣeé fi se ẹran. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.