Ọjà Tí A Kò Ṣe, Rírẹ Náírà Sílẹ̀ Kò Lè Tà Á

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aláṣẹ ti sọ fún gbogbo Nàìjíríà pé bí iye náírà bá rẹlẹ̀, ọjà ilẹ̀ yìí yóò dínwó lójú ará òkèèrè, dọ́là yóò sì ya wọlé bí omi. Wọ́n sọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, nígbà tí ìjọba ológun dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè sílẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ọdún 1985, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ó tó àkókò kí gbogbo ẹni tí ó ní làákàyè bèèrè pé: ọjà tí wọ́n ṣèlérí dà?

Òtítọ́ ni pé owó tí ó rẹlẹ̀ a máa ran orílẹ̀-èdè tí ó ń ṣe nǹkan lọ́wọ́. Àgbẹ̀ kòkó pàápàá jèrè rẹ̀, nítorí pé kòkó ń hù nínú oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ni olórí ohun tí Nàìjíríà ń tà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń díye lé e. Oníbàárà tí ó wá ra epo ní Bonny kò ní tìtorí pé náírà wó kí ó ra ìlọ́po méjì.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó yẹ kí ó jàǹfààní. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, tilẹ̀kùn ní ọdún 2002. United Nigerian Textiles tẹ̀lé e ní ọdún 2007. Láti ọdún 1986 títí di ìgbà náà ni náírà ti ń rẹlẹ̀, kò sì gbà wọ́n. Àìsí iná mànàmáná, epo ẹ̀rọ tí ó wọ́n àti aṣọ fàyàwọ́ ni ó pa wọ́n. Oníbàtà Aba náà ń bẹ níbẹ̀: òkèèrè ni ẹ̀rọ àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń wá. Bí dọ́là bá gòkè, ìnáwó rẹ̀ gòkè. Nígbà tí ó fẹ́ yáwó ní ìparí ọdún 2024, ó bá èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ti báńkì tirẹ̀ sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ ni ó ru ẹrù náà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ 30,000 náírà kí wọ́n tó rẹ náírà sílẹ̀ ní 2023, ìyẹn bíi dọ́là 65 ní iye ìjọba. Ní ọdún 2024 wọ́n sọ ọ́ di 70,000, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Kò tó dọ́là 50 mọ́ nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Bí wọ́n bá sì kéde pé ìgbówólórí rọlẹ̀, kì í ṣe pé gàrí padà sí iye àtijọ́. Ó kàn dín eré kù ni.

Àwọn alágbàwí ìlànà yìí yóò ní pé kí ó tó di 2023, àwọn tí ó mọ ènìyàn ní ń ra dọ́là ní iye ìjọba, tí wọ́n ń tà á ní ìgboro. Bẹ́ẹ̀ ni, olè sì ni. Ṣùgbọ́n olè ni à ń mú, a kì í torí rẹ̀ dáná sun ilé. Ní ọdún 2024, àwọn tí ń ṣẹ́ dọ́là ní òpópónà Abuja àti Kano ni wọ́n ń lé kiri. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Nítorí náà, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa bi olùdíje kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ìjọba rẹ̀ yóò mú kí ilẹ̀ yìí ṣe, tí iná yóò tó láti ṣe é, tí ọ̀nà yóò dára láti gbé e dé èbúté? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó má ṣe fi owó talákà ta ọjà tí kò sí.