Oníṣòwò Àbújá, Níbo Lowó Yín Ń Gbà Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀, láti Gwagwalada dé Kubwa, láti Karu dé Nyanya, títí dé Mararaba tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Nasarawa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò owó ni mo gbé wá lónìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Bí ẹ bá bi oníṣòwò wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta nílùú yìí pé, "Alhaja, nínú ṣọ́ọ̀bù yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló ń mérè wọlé jù?" wọ́n á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ti Wuse ni. Ẹ wá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n á ní ṣebí ibẹ̀ lèrò ń wọ́ sí jù. Èrò kọ́ la béèrè, èrè la béèrè! Ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní Nyanya, tí wọn kì í ráyè dé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ló ń bọ́ àwọn méjì tó kù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé àwọn èèyàn wa kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé àwìn wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá wọn tajà, ìwé míì wà nínú àpamọ́wọ́, àlẹ́ẹ̀tì báǹkì wà lórí fóònù, nọ́ńbà àwọn tó ń kó ọjà fún wọn wà lórí WhatsApp, èyí tó kù sì wà lágbárí. Ohun tó ń ṣe wá ni pé àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kì í pàdé ara wọn.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní orúkọ fún ibi tí gbogbo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé. Data warehouse ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Bill Inmon, ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lé e lórí lọ́dún 1992, àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń náwó rẹpẹtẹ lé e. Èmi ò rí ohun àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Àká ni. Àgbẹ̀ tó ní oko mẹ́ta kì í fi àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ sí oko mẹ́ta, inú àká kan ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Kó sì tó wọ àká, á ti sá a, á ti ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, àká àkọsílẹ̀ ni n óò máa pè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta lè fi Excel, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ yín nílé, kọ́ àká tirẹ̀. Bí Excel kò bá sí níbẹ̀, LibreOffice wà, ọ̀fẹ́ ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ni mo kà mọ, n kò dé yunifásítì, mo sì ń ṣe é.

Ohun tó mú kí àká ṣeé kà ni pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ara mu. Nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Torí pé okùn bá okùn mu, okùn lèèyàn máa kà, kò ní tú u ká láti máa ka ẹyọ níkọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Excel ṣe rí. Ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ máa lò fún ọjà títà. Ìlà kan, ọjà kan tí ẹ tà. Lórí ìlà yẹn, ẹ kọ ọjọ́, ṣọ́ọ̀bù, ọjà, iye rẹ̀, iye tí ẹ ra ọ̀kan, iye tí ẹ ta ọ̀kan, ọ̀nà tí wọ́n gbà sanwó, bóyá kaṣi, transfer, POS tàbí àwìn, lẹ́yìn náà, ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á. Ó tán. Ẹ má ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ìlà òfìfo sáàárín, ẹ má ro àròpọ̀ sí àárín ìlà. Àwọn ọmọ bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fẹ́ràn kí wọ́n máa fi pupa àti búlúù kun gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń yan aṣọ ẹbí. Ẹ sọ fún wọn pé àká lẹ ń kọ́, ẹ ò ránṣọ.

Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ Insert, ẹ tẹ PivotTable, tó ti wà nínú Excel láti ọdún 1993. Ẹ fa ṣọ́ọ̀bù sí apá kan, ẹ fa ọjà sí apá kejì, èrè ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ti ṣírò sí òpó tirẹ̀, á bọ́ sáàárín. Ìbéèrè tí Alhaja fi èrò dáhùn lẹ́ẹ̀kan á ti dáhùn ara rẹ̀ kí omi tíì tó hó. Bí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bá sì ń fi fáìlì tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kó wọn sínú fódà kan. Excel tó jáde láti ọdún 2016 síwájú lè kó gbogbo wọn jọ fúnra rẹ̀, lábẹ́ Data, níbi tí wọ́n kọ From Folder sí. Kí òpó wọn ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan náà.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ àwa Yorùbá lọ́wọ́ jù ni orúkọ. Oníbàárà kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Bọ́lá nínú ìwé Kubwa, Mama Bolaji nínú ìwé Nyanya, ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ó di Alhaja Tàíwò nínú ìwé Wuse. Ó jẹ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, kò sì sí ẹni tó fura, torí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kò tó ohun tí à ń bá èèyàn jà lé lórí. Ẹ dà á pọ̀, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo! Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n. Àtẹ̀jáde orúkọ mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta ni lójú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí ojú ìwé kejì fún àwọn oníbàárà, ẹ fún kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀, K001, K002, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè é síwájú nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà yẹn ni kí ọmọ ìtajà máa kọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà náà, kí sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo má di Dangote, Dangot àti Dangote 50kg. Data Validation wà nínú Excel tó lè jẹ́ kí ọmọ ìtajà mú orúkọ láti inú àwọn tí ẹ ti kọ sílẹ̀, tí kò fi ní kọ èyí tó wù ú. Ẹ kíyè sí ọjọ́ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, 3/4 tí ẹ pè ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ máa kọ iye ẹyọ àti iye tí ẹ rà á, nígbà tí owó tó wọlé ti tó ó mọ̀. Ẹ rántí ọdún 2023. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, ọjà tí ẹ rà láàárọ̀ ti di nǹkan mìíràn nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan ra ọgọ́rùn-ún àpò ọjà ní ₦4,000, ó tà á ní ₦4,500, ₦450,000 wọlé. Ó fẹ́ lọ ra òmíràn, wọ́n ní ó ti di ₦7,000. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ra ju àpò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ. Ó tà á ní ₦7,600, ₦486,400 wọlé. Bàbá wo owó, ó rí i pé ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní ọjà ń yá, ó ra ẹran Iléyá ńlá. Bẹ́ẹ̀, àpò mẹ́rìndínlógójì ti sá kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú owó ló ń jẹ. Mo rí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti pa báyìí nílùú yìí, tí àwọn tó ni ín ń sọ pé ayé ló ṣe wọ́n. Náírà ló ṣe wọ́n, torí náírà nìkan ni wọ́n kà, wọn ò ka àpò.

Àwọn kan nínú wa á ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ẹni tó bá ń ka owó rẹ̀ ń pe ojú burúkú sí i, tàbí kẹ̀, ó ń pe àwọn agbowó orí. Ti ojú burúkú, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fáìlì yín, ẹ má fi gbèsè ẹlòmíì han aráyé. Ti owó orí, òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń bu orí lé lọ́dún kan, òfo ni orí rẹ̀. Àmọ́ kí ni èèyàn máa fi hàn pé èrè òun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìwé báǹkì kò mọ èrè, owó tó wọlé ló mọ̀. Àpò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti Bàbá yẹn, ₦486,400 ni báǹkì á fi hàn, kò ní sọ pé ₦448,000 ni wọ́n fi ra á. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, ojú ni òṣìṣẹ́ owó orí máa fi díwọ̀n tirẹ̀, ẹ sì mọ bí ojú wọn ṣe ń tóbi tó.

Àwọn mìíràn á tún sọ pé orí àwọn pé. Gbogbo wa la mọ Alájọ Ṣómólú tó di ìtàn, tí wọ́n ní ó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tó sì san owó kálukú pé. Mo gbà, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jogún. Nínú ipò tí ẹ fi mí sí láàárín yín, èmi ni wọ́n máa ń pè bí oníṣòwò wa bá kú, mo sì máa ń bá opó jókòó. Àwọn tó ní olóògbé jẹ àwọn á tò wá, wọ́n á mú ìwé wá, wọ́n á mú ẹlẹ́rìí wá. Àwọn tó jẹ olóògbé lówó kì í wá. Bí ọ̀la bá sì mọ́, onílé á ti fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á máa ṣe àlàyé ohun tí olóògbé bá wọn sọ. Ìlà ọgọ́rùn-ún péré nínú Excel ì bá ti pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Mi ò ní tan yín, Excel ní ibi tó mọ. Láàárín ìparí oṣù kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2020, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Public Health England kó àkọsílẹ̀ àrùn kòrónà sínú irú fáìlì Excel àtijọ́ tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì kún, èyí tó ṣẹ́ kù dà nù, èèyàn 15,841 ló sì bọ́ sẹ́yìn ìṣirò. Excel tó jáde láti ọdún 2007 ń gba ìlà 1,048,576. Ẹni tó ń ta ọjà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lọ́dún, á lò ó ju ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ kó tó kún. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́wàá bá fẹ́ máa kọ̀wé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti di iṣẹ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ti iná tó ń lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ yín tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ Sátidé, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sínú fláàṣì tí kì í gbé inú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwa ẹgbẹ́ nìyí. Gbogbo ọdún la ń náwó sórí aṣọ àjọ̀dún àti kànópì. Ẹ jẹ́ ká yọ Sátidé mẹ́rin nínú ọdún, ká pe àwọn ọmọ wa tó ń sin ìjọba níbí, kí wọ́n wá kọ́ ọmọ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń kọ́ àká yìí. Ìwé owó oṣù ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí ẹni tó san àti ẹni tó jẹ, àwa aṣíwájú pẹ̀lú. Akápò ti gbà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ fajú ro. Ẹni tó bá máa rán ọmọ rẹ̀ wá kò nílò láti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kí ó ṣáà fún ọmọ náà ní ìwé ọjà oṣù kan, láti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àwìn.