Ọgbà Ilé: Èso Pupa tí Ọmọ Lè Jẹ



Igi kékeré tí ń so èso wẹ́wẹ́ a máa bu ẹwà kún ẹnu ọ̀nà ilé. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ewé ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ a máa rẹ̀ dànù nígbà òtútù, a sì ku èso nìkan lórí ẹ̀ka. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èyí tí a sábà máa ń rí ni Duranta, tí èso rẹ̀ so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n májèlé ni èso náà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti oúnjẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání. Ní etídò Ìlàjẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ abúlé ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ó sàn kí a má gbìn ín rárá.

Kí ni kí a gbìn? Àgbáyun ni. Igi ilẹ̀ wa ni, ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ tán, èso rẹ̀ sì pupa fòò. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, ohun kíkan yóò di dídùn lẹ́nu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1852, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ nípa rẹ̀. Ọmọ tí ń kọ ògì kíkan lè mu ún láìsí ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ kóró rẹ̀ fún ọmọ kékeré, kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa mu ọsàn wẹ́wẹ́ lámujù: ẹnu ni àgbáyun tàn jẹ, ìkan náà ṣì ń ba eyín jẹ́.

Ẹ̀yin ará Màhìntẹ̀dó yóò wí pé, “Omi iyọ̀ ni tiwa.” Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ má gbìn ín sílẹ̀. Ẹ wá garawa àtijọ́, kí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ná ọjà Igbókọ̀dá, ẹ ra erùpẹ̀ dúdú láti òkè bọ̀, kí ẹ sì po ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Kóró tútù ni kí ẹ gbìn, ní ọjọ́ tí ẹ jẹ èso rẹ̀ gan-an; èyí tí ó bá ti gbẹ kì í sábà hù. Ẹ gbé garawa náà sí ibi tí òòrùn kò ti mú jù. Omi òjò ni kí ẹ máa bu sí i, kì í ṣe omi ọ̀sà.

Kì í yára dàgbà: ó tó ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so. Ọmọ tí ẹ ń pọ̀n lónìí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ já èso àkọ́kọ́, ọkàn yín yóò sì balẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.